Òdòdó iwájú ilé mi ń rọ: ohun tí mo fi bo ilẹ̀ ni àbí ohun tí mo gbìn tì í?

ÌyáDára_Ìjàpọ̀ · 14 oṣù Kẹfà, àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo kọ́kọ́ béèrè nǹkan.

Ebè òdòdó mẹ́ta ni mo ní níwájú ilé wa ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́. Periwinkle ló wà nínú ti àkọ́kọ́, ṣọkọ olódòdó, èyí tí orí rẹ̀ dà bí ogbe àkùkọ, wà nínú ìkejì, zinnia wà nínú ìkẹta. Ìparí oṣù Kẹrin tí òjò ti rọ̀ dáadáa ni mo gbìn wọ́n. Nígbà tí koríko kò jẹ́ kí n sinmi, mo lọ ra lẹ́búlẹ́bú pákó àpò mẹ́fà nílé ìlagi, mo dà á bo gbogbo ebè, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Igi tútù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, òórùn rẹ̀ ṣì ń ta sókè. Mo sì ti gbọ́ pé ó dáa kí èèyàn máa gbin nǹkan oríṣiríṣi pọ̀ kí kòkòrò má baà rí ọ̀nà, nítorí náà mo fọ́n ewédú sáàárín ṣọkọ, mo gbin ilá díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí. Ewé zinnia ti di pupa rúsúrúsú láti ìsàlẹ̀, kò ga mọ́. Periwinkle ń dúdú ní ẹ̀ka kan lẹ́yìn èkejì, á rọ, á kú, bẹ́ẹ̀ omi wà nílẹ̀. Ṣọkọ ò kú, kò sì yè: tí oòrùn ọ̀sán bá mú, gbogbo rẹ̀ á tẹrí ba, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á tún dìde.

Ọmọ mi obìnrin máa ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ níwájú ilé yìí ní oṣù Kọkànlá. Mo fẹ́ kí àwọn àna wa bá òdòdó níbẹ̀. Ṣé kí n kó lẹ́búlẹ́bú náà kúrò ni?

BàbáOlódòdó · 14 oṣù Kẹfà, ọ̀sán

Ìyá Dára, ẹ kú ìrònú. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ta òdòdó inú ọ̀rá létí títì lọ́nà Ọ̀dá, ọdọọdún ni mo ń rí ẹni tí lẹ́búlẹ́bú tútù ṣe báyìí.

Ẹ kó o kúrò lónìí. Ẹ má dà á nù o. Ẹ kó o jọ sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ mọ́ ọn, ẹ bu omi sí i, ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi máa di àmọ́dún, á ti dúdú, á ti rọ̀, a ò ní gbóòórùn igi lára rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ló ṣeé dà sí ìdí òdòdó.

Ìka mẹ́rin pọ̀ jù fún ohun tó kúnná bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá kúnná máa ń dì mọ́ra bí ẹní, omi ò ní wọlẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ ò sì ní kọjá. Koríko gbígbẹ lè nípọn tó ìka mẹ́ta sí mẹ́rin nítorí pé ó ṣófo nínú, á sì tún wọlẹ̀ tó bá yá. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ yí ìdí òdòdó kọ̀ọ̀kan ká. Ìdí igi òdòdó ò gbọdọ̀ máa lúwẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru.

Adéṣẹwà_FUTA · 14 oṣù Kẹfà, alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, Màmá. Ẹ̀ka ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn ni mo wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́. Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ, àmọ́ mo rò pé àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ní sórí ebè mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ti zinnia ló rọrùn jù. Ebi ń pa á. Àwọn bakitéríà àti olú inú ilẹ̀ ló ń jẹ lẹ́búlẹ́bú yẹn títí á fi di ilẹ̀. Kábọ́ọ̀nù inú lẹ́búlẹ́bú tútù lè tó ìlọ́po 400 náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù, tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ nílò ò ju bí ìlọ́po 25 sí 30 lọ. Wọ́n á wá náítírójìn yòókù lọ síbòmíràn, ara ilẹ̀ tí zinnia yín ti ń jẹun ni wọ́n á ti fà á. Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n nítorí pé òdòdó máa ń gba náítírójìn lára ewé àgbà fún ewé ọ̀dọ́. Tó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ nìkan ló wà, ibi tí òun àti ilẹ̀ ti fara kan ara ni ìjà náà mọ sí, kì í sábà burú tó báyìí. Ṣé ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ni?

Ti periwinkle, mo fura sí Phytophthora, ẹbí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Inú omi ló ti ń rìn. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣọṣẹ́ lásìkò òjò, tó sì fi dà bíi pé òǹgbẹ ló ń gbẹ òdòdó tí ìdí rẹ̀ tutù rinrin.

Ti ṣọkọ, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ tú ìdí ẹyọ kan, ẹ má fà á tu, ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewédú tó wà nítòsí rẹ̀ náà.

ÌyáDára_Ìjàpọ̀ · 15 oṣù Kẹfà

Adéṣẹwà, ọmọ mi, o ṣeun. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ nígbà tí mo ń tu koríko nídìí zinnia.

Mo ti tú ìdí ṣọkọ mẹ́ta. Kókó-kókó ló kún gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn, òmíràn tóbi tó ẹ̀wà. Ti ewédú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wú bí àtalẹ̀. Ilá náà ní tirẹ̀. Mo rò pé kókó tó máa ń wà nídìí ẹ̀pà ni, tí wọ́n ní ó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá.

Adéṣẹwà_FUTA · 15 oṣù Kẹfà

Màmá, kì í ṣe ìyẹn o. Kókó ìdí ẹ̀pà àti ẹ̀wà ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ló ń lẹ̀ mọ́, tí ẹ bá fi èékánná tì í, á já bọ́, inú rẹ̀ á sì pọ́n díẹ̀. Tiyín yìí, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Kò ṣeé já láìjá gbòǹgbò.

Aràn wínníwínní inú ilẹ̀ ni, nẹ́mátóòdù tí wọ́n ń pè ní Meloidogyne. Ojú lásán ò lè rí ọmọ rẹ̀. Inú gbòǹgbò ló ń wọ̀, á jókòó síbẹ̀, á máa mu oje rẹ̀. Ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè á wá dí, òun ló fà á tí ṣọkọ yín fi ń tẹrí ba lọ́sàn-án tó sì ń dìde nírọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá rọ̀.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ṣọkọ, ewédú, ilá, tòmátì, gbogbo wọn ni aràn yìí fẹ́ràn gan-an. Ṣọkọ olódòdó àti ṣọkọ yòkòtò tí a ń jẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n, Celosia argentea. Ẹ gbin àwọn mẹ́ta tí aràn fẹ́ràn jù sójú kan, ẹ wá fi lẹ́búlẹ́bú bò wọ́n kí ilẹ̀ tutù. Àpèjẹ lẹ sè fún un. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, nítorí gbogbo ẹni tó ń sọ pé ká máa gbin nǹkan pọ̀, wọn kì í sọ pé ká kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń jẹ èyí àti ohun tó ń jẹ ìyẹn.

ÀǹtíRẹ̀mí · 15 oṣù Kẹfà

Ṣé òdòdó marigold kọ́ ni oògùn rẹ̀? Mo gbin ẹyọ mẹ́rin sí igun mẹ́rin ọgbà mi ní Ọba-Ilé, èmi ò rí kòkòrò kankan mọ́ láti ìgbà náà.

BàbáOlódòdó · 16 oṣù Kẹfà

Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti ná àwọn oníbàárà mi lówó. Marigold kì í ṣe ọlọ́dẹ tí a ń fi sẹ́nu ọ̀nà. Ẹyọ mẹ́rin nígun mẹ́rin ò lè ṣe aràn ilẹ̀ ní nǹkan kan. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ibi tí gbòǹgbò náà dé ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹ gbọ́dọ̀ gbìn ín kún gbogbo ebè bí ìgbà tí èèyàn gbin ẹ̀fọ́, kí ọ̀kan má jìn sí èkejì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kó sì wà níbẹ̀ ó kéré tán oṣù méjì gbáko. Irú tó kúrú, tí òdòdó rẹ̀ kéré, tó ní àwọ̀ ọsàn pọ̀ mọ́ pupa, ló dáa jù fún un.

Ẹ tún máa tu koríko o. Tí ẹ bá jẹ́ kí koríko hù sáàárín rẹ̀, ìdí koríko yẹn ni aràn á sá sí, gbogbo làálàá á di asán.

Adéṣẹwà_FUTA · 16 oṣù Kẹfà

Bàbá ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú gbòǹgbò marigold ni wọ́n ń pè ní alpha-terthienyl. Gbòǹgbò tó wà láàyè ló ti ń ṣiṣẹ́ jù; ẹni tó kàn ń já ewé rẹ̀ fi bo ilẹ̀ ò ní rí èrè kan náà.

Ohun tí Àǹtí Rẹ̀mí rí náà lè jẹ́ òótọ́ lápá kan. Lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde pé òórùn limonene tí marigold ń tú sílẹ̀ ń lé àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké kúrò lára tòmátì. Inú ilé onígíláàsì ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́ jù nígbà tí marigold ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń fò lókè nìyẹn. Aràn inú ilẹ̀ ọ̀tọ̀. Kò sì lè lé tata àti ìgbín.

ỌmọÈkìmọ̀gún · 16 oṣù Kẹfà

Ẹ kú ìjíròrò. Oko kòkó ni mo ń ṣe ní agbègbè Oǹdó, mo sì ń gbin òdòdó yí ilé oko mi ká nítorí pé ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ èèpo kòkó? Ìpínlẹ̀ wa ni kòkó pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, èèpo rẹ̀ ń jẹrà lófo káàkiri láti Ìdànrè dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi bo ilẹ̀. Pọ́táṣíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń mú òdòdó yọ dáadáa. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ewé gbígbẹ dé orí ebè iṣu kí oòrùn má baà se èèbù nínú ilẹ̀.

Adéṣẹwà_FUTA · 17 oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi, èèpo kòkó dáa lóòótọ́, eérú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú nítorí pọ́táṣíọ̀mù tí ẹ sọ yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ebè Màmá, kì í sì í ṣe ní tútù. Ara èèpo tó ti dúdú lórí igi ni Phytophthora ń gbé. Irú kan nínú wọn tó ń jẹ́ palmivora kò mọ sórí kòkó nìkan, ó ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó jà. Ẹni tí periwinkle rẹ̀ ti ń kú báyìí, tó tún lọ kó irú èèpo bẹ́ẹ̀ wọlé, àrùn náà á pọ̀ sí i ni.

ỌmọÈkìmọ̀gún · 17 oṣù Kẹfà

Àbúrò, o jàre. Èmi náà máa ń ya èyí tó dúdú sọ́tọ̀ lóko, n ò kàn ronú kan òdòdó ni. Ìyá Dára, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí: èèpo tó mọ́, tí wọ́n kó jọ tí wọ́n ń yí padà títí tó fi gbóná dáadáa, tó jẹrà di ilẹ̀ dúdú. Tàbí eérú rẹ̀, ìkúnwọ́ kan péré fún ebè kan, nítorí ó le bí ìyọ̀.

ÀǹtíRẹ̀mí · 17 oṣù Kẹfà

Ẹni tó bá ní ajá, kó ṣọ́ra fún èèpo kòkó, pàápàá èyí tí wọ́n bó lára hóró rẹ̀. Theobromine inú rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ajá, òórùn rẹ̀ sì máa ń fà wọ́n. Ajá ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n sá a sí, ó bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọpẹ́ ni pé ó yè.

Mo gba ti marigold o, mo máa gbìn ín kún ebè kan kí n wò ó.

ÌyáDára_Ìjàpọ̀ · 18 oṣù Kẹfà

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni mo lè wá fi bo ilẹ̀? Àbúrò ọkọ mi ní kí n kó òkúta wẹ́wẹ́ wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, pé ó mọ́, kì í sì í jẹrà.

BàbáOlódòdó · 18 oṣù Kẹfà

Òkúta ò burú nídìí ìxora tàbí igi ọ̀ṣọ́ tó ti dàgbà. Òdòdó tí à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún ni tiyín. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta á gbóná, á máa da ooru rẹ̀ sí wọn lára títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sì fún ilẹ̀ ní oúnjẹ kankan, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ ro ó ni ẹ máa mọ ìyà tó wà níbẹ̀.

Jogbo ni kẹ́ ẹ wá. Òun ni igi tó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè létí títì wa káàkiri tí òjò bá ń lọ. Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, kí ẹ má baà gbin hóró rẹ̀ sínú ọgbà. Ẹ tẹ́ ẹ tútù sórí ilẹ̀ zinnia, láàárín ọ̀sẹ̀ bíi méjì á ti jẹrà, náítírójìn àti pọ́táṣíọ̀mù pọ̀ lára rẹ̀ gidigidi. Oúnjẹ ni jogbo, kì í pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó lórí. Tó bá jẹ́ èkan lẹ rí, ẹ gé ewé rẹ̀ nìkan. Tí gbòǹgbò rẹ̀ bá bá a wọlé, ẹ ti gba àlejò tí kì í lọ. Ẹ má fi jogbo tútù bo ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n hóró òdòdó sí o, oje rẹ̀ lè dí i lọ́wọ́ láti hù.

Ti ìgbín: ẹ máa ṣí koríko náà wò láàárọ̀ kùtù. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn sí, alẹ́ ni wọ́n ń jẹun, ọmọ òdòdó tútù ni wọ́n fẹ́ràn. Tó bá di oṣù Kejìlá, ikán á wá dípò ìgbín, torí náà ẹ jẹ́ kí koríko jìnnà sí ara ilé àti gbogbo ohun tí wọ́n fi pákó ṣe.

Adéṣẹwà_FUTA · 18 oṣù Kẹfà

Àlàyé kékeré kan lórí periwinkle. Ẹ hú èyí tó ń kú, ẹ sun ún, ẹ má kó o sórí àkìtàn. Ẹ gbé ilẹ̀ ebè náà sókè tó ẹsẹ̀ bàtà kan kí omi máa sàn kúrò. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ju ìka méjì lọ. Ẹ má yọ ọ́ kúrò pátápátá: tí òjò bá ń ta sórí ilẹ̀ gbangba, ẹrẹ̀ á máa fò lu ewé ìsàlẹ̀, inú ẹrẹ̀ yẹn sì ni àrùn wà. Ìwọ̀n ló le níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ni periwinkle fẹ́ràn, òǹgbẹ kì í sì í tètè pa á.

ÌyáDára_Ìjàpọ̀ · 9 oṣù Kẹsàn-án

Ẹ káàsán o. Mo jẹ yín ní àbọ̀.

Mo kó lẹ́búlẹ́bú kúrò. Zinnia jẹ jogbo lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí oṣù Keje fi máa parí, ewé tuntun tó yọ dúdú minimini. Ewé tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ ò padà bọ̀ sípò, mo já wọn. Ó ti ń yọ òdòdó báyìí, aláwọ̀ osùn àti pupa, àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá ń dúró wò ó.

Periwinkle, mo pàdánù mọ́kànlá nínú ogún. Mo tún mìíràn gbìn sórí ebè tó ga nígbà tí òjò dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹjọ. Ẹyọ kan péré ló kú nínú àwọn tuntun.

Ebè ṣọkọ ni mo fi gbogbo agbára mi ṣe. Mo hú ṣọkọ, ewédú àti ilá, mo sun gbòǹgbò wọn. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ni mo gbin marigold kún un, ọ̀dọ̀ Bàbáolódòdó ni mo ti rà á, ó sì bá mi ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo tu koríko ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gé ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, mo gbin ọmọ ṣọkọ síbẹ̀. Ìdajì yòókù, mi ò lè gé e. Ó ti tan iná síwájú ilé yìí, ó sì bá aṣọ tí a yàn fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mu.

Adéṣẹwà_FUTA · 9 oṣù Kẹsàn-án

Màmá, inú mi dùn débi pé mo ka èyí fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá di oṣù Kẹwàá, ẹ tú ìdí ṣọkọ kan wò fún wa. Marigold kì í pa aràn náà tán, ó ń dín in kù ni. Ẹ má sì tún gbin ewédú síbẹ̀ lọ́dún yìí. Tí ẹ bá fẹ́ nǹkan jíjẹ láàárín òdòdó, ẹ̀pà sàn, irú aràn tó wọ́pọ̀ jù níbí kì í sábà rí i jẹ.

ÌyáDára_Ìjàpọ̀ · 23 oṣù Kẹwàá

Mo tú méjì. Kókó mẹ́ta ni mo kà lára ọ̀kan, márùn-ún lára èkejì, wọn ò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ṣọkọ náà ò tẹrí ba lọ́sàn-án mọ́. Orí rẹ̀ ti ń yọ, pupa bí ogbe àkùkọ gidi.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Koríko tó kù kò tó gbogbo ebè zinnia, ìdajì rẹ̀ ni mo fi bò. Ní báyìí tí òjò ti ń lọ, ìdajì tó wà ní gbangba, ojoojúmọ́ ni mo ń bu omi sí i. Èyí tí mo bò, tí mo bá bomi rin ín lónìí, ó di ọ̀túnla kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tó gbẹ. Mo ti rán ọmọkùnrin àdúgbò wa lọ gé koríko sí i lọ́nà Ọba-Ilé láàárọ̀ yìí.

ÀǹtíRẹ̀mí · 23 oṣù Kẹwàá

Ìyá Dára, ẹ bá mi sọ fún un kó gé tèmi mọ́ ọn. Mo ń bọ̀ wá kó o nírọ̀lẹ́, màá mú hóró marigold tèmi dání fún yín.